Jíjẹun Níta Láìjẹ Gluten ní Ìlú Bìní

Gluten jẹ́ èròjà purotéènì tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ló ń mú kí fúláwà tí wọ́n pò máa fà bíi rọ́bà, tí búrẹ́dì sì ń wú. Ẹni tó ní àrùn celiac kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, nítorí bó bá ti dé inú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á kọjú ìjà sí ìfun, wọ́n á sì ba ibi tí oúnjẹ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti rírù ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Karel Dicke, ló fi hàn nínú ìwé ìwádìí oyè rẹ̀ ní 1950 pé àlìkámà ló ń fa ìnira náà. Oògùn tó ń wò ó sàn kò sí. Yíyẹra fún gluten títí ọjọ́ ayé ni ìtọ́jú rẹ̀. Nílé, apá aláìsàn ká ohun tó ń wọ ìkòkò. Bó bá jáde lọ jẹun, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìlú Bìní, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, rọrùn ju ọ̀pọ̀ ìlú òyìnbó lọ, torí pé oúnjẹ àbáláyé ibẹ̀ kò bá àlìkámà tan rárá. Iyán, ẹ̀bà, fùfú àti sítáàṣì tí wọ́n ń fi gbáàgúdá ṣe ni òkèlè ibẹ̀, iṣu ilẹ̀ Esan sì pọ̀ lọ́jà. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ọbẹ̀ ẹ̀pà, ọbẹ̀ ẹyìn àti ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi ewúro àti efinrin sè kò ní fúláwà nínú. Ọbẹ̀ òwò, tó jẹ́ epo pupa àti káún, sítáàṣì tàbí gàrí ni wọ́n fi ń mú un ki.

Semo, òkèlè tí wọ́n ń fi àlìkámà ṣe, ló da nǹkan rú. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà ní 1987, wọ́n sì gbé òfin náà kúrò ní 1992. Lónìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé oúnjẹ kan láti Ring Road dé Ugbowo tí kì í ro semo. Ní àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí, òkèlè kan tó pọ́n díẹ̀ ni wọ́n ń pè ní “wheat”. Nítorí náà, bí oníbàárà bá béèrè bóyá wheat wà nínú semo, ẹni tó ń bu oúnjẹ á ní rárá o, semo ni, kò sì mọ̀ pé irọ́ lòun pa. Àlìkámà ni àwọn méjèèjì. Ìbéèrè tó lérè ni èyí tó bá dárúkọ ohun tí aláìsàn kì í jẹ níkọ̀ọ̀kan: semo, wheat, fúláwà, búrẹ́dì, indomie, spaghetti.

Òkèlè funfun tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé sínú kúlà tún nílò àkíyèsí, nítorí semo, fùfú àti iyán jọra níbẹ̀, ojú lásán sì lè tan ẹni tó ń yọ ọ́. Yàtọ̀ sí èyí, orógùn tí wọ́n fi ro semo ni wọ́n sábà fi ń ro ẹ̀bà tó tẹ̀lé e, semo tó gbẹ mọ́ ọn lára á sì bá a lọ. Iná kì í pa gluten. Ìwádìí kan fi hàn pé milligram 50 lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta tó láti ba ìfun aláìsàn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú ogún gíráàmù péré nìyẹn. Òdiwọ̀n àgbáyé ti Codex gbà kí wọ́n pe oúnjẹ ní aláìní gluten bí èyí tó wà nínú kílò kan rẹ̀ kò bá ju milligram 20 lọ.

Epo dídín náà ṣòro. Ẹ̀wà lásán ni àkàrà, dùndún kò sì ní ìṣòro tirẹ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ inú epo tí wọ́n ti dín puff-puff tàbí egg roll ni wọ́n dà wọ́n sí, wọn kò yẹ lẹ́nu aláìsàn mọ́. Àwọn kan tún máa ń yí ẹja ní fúláwà kí wọ́n tó dín in. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dá lórí kúùbù èlò ọbẹ̀ àti kọ́rì tí wọ́n fi sè é. Ìwé tí wọ́n fi wé wọn kì í jìnnà sí ààrò, kò sì sí ohun tó burú nínú kí oníbàárà ní kí wọ́n fi han òun. Soy sauce tí àwọn ilé oúnjẹ ṣáínà ń dà sí fried rice sábà máa ń ní àlìkámà.

Oúnjẹ tó fi ọkàn ẹni balẹ̀ jù ni èyí tí wọ́n gbé kaná lẹ́yìn tí oníbàárà ti dé. Point-and-kill ni olórí wọn: oníbàárà á na ọwọ́ sí ẹja àrọ̀ tó wù ú nínú omi, wọ́n á sì se é ní ọbẹ̀ ata nínú ìkòkò tirẹ̀. Bọ̀ọ̀lì àti àgbàdo sísun náà dára. Ti suya, kí oníbàárà béèrè ohun tó wà nínú yájì, ìyẹn ata tí wọ́n ń wọ́n sí i.

Ọtí ń fẹ́ ìṣọ́ra. Guinness kọ́ ilé ìpọntí sí Bìní ní 1974 láti máa pọn bíà Harp. Ọkà bàbà pọ̀ nínú bíà Nàìjíríà láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de kíkó báálì wọlé ní 1988, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ́ di aláìní gluten, pàápàá bí báálì bá wà lára ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Bákan náà ni ohun mímu malt. Ẹmu kò ní wàhálà.

Ní Britain, láti oṣù Kejìlá 2014, òfin ti mú un ní dandan fún ilé oúnjẹ láti sọ fún oníbàárà bí ọkà tó ní gluten bá wà nínú oúnjẹ wọn. Ní Bìní, ẹnu oníbàárà ló máa ṣiṣẹ́ náà. Ó dára kí ó lọ kí èrò ọ̀sán tó dé, kí ó sì bá ẹni tó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kàn ní òun kì í jẹ fúláwà, wọ́n á rò pé ó fẹ́ fọn ni. Pijin ló yá jù: “Flour dey worry my body, I no dey chop am at all.” Wọ́n mọ ohun tí àìsàn jẹ́, wọ́n á sì fọ orógùn.

Ẹni tó bá fura pé òun ní àrùn yìí kò gbọdọ̀ tíì jáwọ́ nínú búrẹ́dì kí ó tó rí dókítà, irú èyí tó wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ní Ugbowo. Ohun tí ara fi ń bá gluten jà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá, kò sì ní rí i dáadáa lára ẹni tí kò jẹ gluten mọ́.