Ogun Abẹ́òkúta, 1851: Ohun Tó Ṣẹ́gun Ghézo

Ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1851 ni Ghézo, ọba Dàhòmì, kó ogun wá bá àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti lé ogun rẹ̀ padà.

Jagunjagun gidi ni Ghézo. Ó gorí oyè ní 1818. Nígbà tó di 1823, ó ti bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn Dàhòmì, kò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Ní 1848, ogun rẹ̀ pa ìlú Òkè-Ọdàn run. Bí wọ́n ṣe máa ń jà nìyí: wọn a rìn lóru, wọn a sì já wọ ìlú kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí oorun ṣì wà lójú àwọn èèyàn.

Ní Abẹ́òkúta, kò rí ọgbọ́n yìí lò. Ní 1850, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún Beecroft àti Forbes, àwọn ìránṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pé Abẹ́òkúta ló kàn. Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1851, Beecroft ti dé Abẹ́òkúta, ó sì ta àwọn Ẹ̀gbá lólobó.

Ti Ìṣàgá ló wá burú jù. Ghézo fipá mú ìlú Yorùbá yìí mulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n mulẹ̀ tán, àwọn ará Ìṣàgá ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta ní kọ̀rọ̀. Wọ́n wá gba ogun Dàhòmì nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba ẹnubodè Arò, pé odi ibẹ̀ ti wó, kí wọ́n sì lọ lọ́sàn-án. Odi ọ̀hún ni àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún mọ!

Bíi 16,000 ọmọ ogun ló dé lọ́sàn-án gangan, nǹkan bí 6,000 nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Àwọn obìnrin yìí kò sá fún ìbọn; wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, wọ́n ń pọ́n odi. Ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá tú aṣọ lára ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà gbóná lára wọn, ìjà sì le sí i. Òkú tó sùn sẹ́yìn odi lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Bí àwọn tó kù ṣe ń padà lọ, Ìṣàgá tún kọlù wọ́n lọ́nà.

Àwọn ọmọ ogun Ghézo kò ṣojo rárá. Ohun tó pa á lára ni pé ó gba ìmọ̀ràn lẹ́nu àwọn tó fi ipá mú.

Glele, ọmọ rẹ̀, pa Ìṣàgá run ní 1862. Ó tún gbógun lọ sí Abẹ́òkúta ní oṣù Ẹrẹ́nà 1864. Àwọn Ẹ̀gbá lé òun náà padà.