Wàrà Àkọ́kọ́ Màlúù: Ta Ni Wọ́n Ṣe É Fún?

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ojú ológbò, èso pupa olójú dúdú tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà nínú igbó. Àwọn àgbà a sì máa kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rún un lẹ́nu, nítorí májèlé ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, májèlé inú èso yìí wà lára ohun tí dókítà ọmọ Jámánì kan, Paul Ehrlich, fi ṣe àyẹ̀wò ní ọdún 1892. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fún àwọn abo eku ní májèlé, títí ara wọn fi mọ̀ ọ́n, tí kò lè pa wọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà, ó kó ọmọ eku mìíràn, tí ìyá wọn kò tọ́ májèlé wò rí, ó ní kí àwọn abo eku yìí máa fún wọn lọ́mú. Kí ló ṣẹlẹ̀? Májèlé kò ran àwọn ọmọ náà mọ́. Ọmú ló gbé ààbò dé ara wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nítorí ọjà kan tó gbòde lónìí. Wàrà tí màlúù kọ́kọ́ máa ń ní nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èyí tó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ni wọ́n ń gbẹ di ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ara wọn ń bá ara rẹ̀ jà. Irú àìsàn wo nìyẹn? Àìsàn bíi lupus, bí irú làkúrègbé kan tí ń ba oríkèé jẹ́, bí egbò inú ìfun ńlá. Àwọn ọmọ-ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló kọjú ìjà sí onílé. Ṣebí àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ehrlich yìí kan náà tún fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àìsàn náà. Ní nǹkan bí ọdún 1901, òun àti Morgenroth fa ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ kan sára òmíràn. Ara èyí tó gbà á ṣe èròjà tí ń ba ẹ̀jẹ̀ àlejò jẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣe èyí tí ń ba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́. Ehrlich ní ẹ̀rù a máa ba ara láti fi májèlé pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn sì gba ọ̀rọ̀ yìí bí òfin. Ní 1904, Donath àti Landsteiner ní ìlú Vienna ṣàlàyé àìsàn kan tí òtútù máa ń mú kí ara ba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kọbi ara sí i kò pọ̀. Ó di 1956, nígbà tí Rose àti Witebsky ní Buffalo, Amẹ́ríkà, fi ehoro hàn pé ara lè gbógun ti ẹ̀yà tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí màlúù. Ní 1922, Theobald Smith àti Ralph Little ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ màlúù tí kò bá mu wàrà àkọ́kọ́, ikú ló sábà máa ń pa á. Kí ló fà á? Ọmọ ènìyàn ti ń gba èròjà agbógun-ti-àrùn láti ara ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ibi ọmọ ti màlúù kì í jẹ́ kí ó kọjá. Òfo ni ọmọ màlúù ń bọ̀ wáyé. Fún bíi wákàtí 24 péré ni ìfun rẹ̀ fi lè gba èròjà náà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn tì. Tiwa àgbàlagbà ńkọ́? Ó ti tì tipẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú wa á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ẹ̀wà àti ẹran.

Ṣé kò wúlò fún wa rárá ni? Ó tì o. Ohun tí kò wọ ẹ̀jẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́ nínú ìfun. Ní 1988, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn 10 ní èròjà láti inú wàrà màlúù tí wọ́n ti gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì fún wọn ní kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru mu. Kò sí ẹnì kan tó yàgbẹ́ gbuuru. Nínú 10 mìíràn tí kò gba èròjà náà, 9 ló yà á. Ní 2002, àwọn dókítà ní Ìlú Ọba dán wàrà àkọ́kọ́ wò lára ènìyàn 14 tó ní egbò inú ìfun ńlá. Ojú ihò ìdí ni wọ́n ń gbà fún wọn, wọ́n sì ń lo oògùn ọsibítù pẹ̀lú rẹ̀. Ara àwọn tó gbà á dẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn 14 kò tó ẹ̀rí fún gbogbo ayé. Ẹ sì kíyè sí i: wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni pa oògùn tì.

Ti lupus àti ti oríkèé ńkọ́? Láti bí ọdún 1950 sókè ni Petersen ní Minnesota ti ń polongo pé wàrà màlúù tí a gún ní abẹ́rẹ́ lè wo àìsàn oríkèé. Títí di òní, kò sí àyẹ̀wò ńlá tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan tún máa ń sọ pé láti inú wàrà àkọ́kọ́ ni Albert Sabin ti rí oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni Sabin rí èròjà tó ń dènà àrùn náà nínú wàrà àwọn màlúù kan, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn náà gan-an, tí a ti sọ di aláìlágbára, ni oògùn tó ṣe.

Obìnrin kan tí mo mọ̀, tí lupus ń bá fínra, ra ìyẹ̀fun yìí lówó gọbọi. Ẹni tó tà á ní kó dá oògùn dókítà dúró, kí wàrà lè ráyè ṣiṣẹ́. Kò pé oṣù méjì tí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Àìsàn ti dé kíndìnrín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí wàrà ni. Wàrà ha ń pa ènìyàn bí?" Mo ní wàrà kọ́ ló ṣe é, oògùn tó pa tì ni.

Ṣùgbọ́n wàrà náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba wàrà màlúù kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kì í lè lọ ṣúgà inú wàrà bíi ti Fúlàní darandaran. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló lè tẹ̀lé e. Bí wọn kò bá fi iná sí i, kòkòrò ikọ́ ife lè wà níbẹ̀. Bí iná bá sì pọ̀ jù, èròjà tí a torí rẹ̀ rà á á bàjẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn tí ń dín agbára ọmọ-ogun ara kù ni tútù rẹ̀ léwu fún jù.

Ẹ tún ro èyí wò. Olówò ní ìyẹ̀fun òun ń fún ọmọ-ogun ara lágbára. Àwọn tó ń ya ilé onílé jẹ, ṣé agbára ló kù tí a ó fún wọn?

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀, kó má sì fi rọ́pò oògùn. Ọmọ màlúù ti jẹ́rìí gbe wàrà yìí láti 1922. Ẹ̀rí tiwa kò tíì pé.