Ìpè Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ ní Ilẹ̀ Yewa: Gbèsè Ọrùn Ẹni Tó Pe Ènìyàn

Ìfáàrà

Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í wá dókítà kiri. Ní ti àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, dókítà ló ń wá a: wọ́n á kéde ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí pé kí gbogbo ènìyàn jáde wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Orí ìyàtọ̀ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dúró lé. Aláìsàn tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn ló wá ìrànlọ́wọ́ wá. Ẹni tí a pè nídìí gàrí tó ń tà kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Èrò mi ni pé ẹni tó bá pe ènìyàn wá fún àyẹ̀wò ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtọ́jú. Ní ilẹ̀ Yewa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Ayétòrò dé Ìlaró títí dé ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, gbèsè yìí ni kí a fi díwọ̀n ìpè kọ̀ọ̀kan.

Oore tó dájú

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù fún obìnrin ilẹ̀ wa. Ìṣirò ọdún 2020 fi hàn pé ó lé ní 12,000 obìnrin ní Nàìjíríà tí àrùn yìí mú lọ́dún náà, ó sì pa nǹkan bí 8,000. Harald zur Hausen, onímọ̀ ará Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 nítorí pé ó fi hàn pé kòkòrò àrùn HPV ló ń fà á. Ìbálòpọ̀ ló ń tàn án kálẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ sábà máa ń lé e lọ láàrin ọdún méjì, ṣùgbọ́n níbi tó bá jókòó pa sí, ó lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Lára obìnrin tó ní HIV tí kò gba ìtọ́jú, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Àárín ọdún wọ̀nyí ni àyẹ̀wò ti ń rí àyè ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Nọ́ọ̀sì á fi irin ṣí ojú ara, á tan iná sí i, á fi òwú tí wọ́n rì sínú fínígà tí a fi omi là pa ẹnu ilé ọmọ, á sì dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí ibì kan bá ti ń yí padà, ibẹ̀ á funfun báláú. Ní agbègbè Dindigul, ní Íńdíà, àwọn olùwádìí yẹ obìnrin 31,343 wò lọ́nà yìí láàrin 2000 sí 2003. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 ni pé ikú jẹjẹrẹ yìí fi ìdá 35 nínú 100 dín kù láàrin àwọn tí wọ́n pè, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí wọn kò pè.

Ìpalára tí a kì í kéde

Ìṣirò Dindigul kò tán síbẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, fínígà fi funfun hàn lára 3,088. Nígbà tí wọ́n tún wọn yẹ̀ wò fínnífínní, 1,874 ni wọ́n bá ìyípadà lára wọn. Èyí já sí pé ó lé ní 1,000 obìnrin tí ọkàn wọn dà rú nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nínú àwọn 1,874 náà, ìdá 72 nínú 100 ló gba ìtọ́jú. Àwọn yòókù mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n, ìtọ́jú ni wọn kò rí gbà. Iṣẹ́ ìwádìí tó ní dókítà àti owó nìyẹn o.

Ìpalára kejì fara sin ju ìyẹn lọ: a lè rí jẹjẹrẹ tí kì bá tí yọ olówó rẹ̀ lẹ́nu títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní South Korea, nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ yẹ ọrùn wò káàkiri, iye àwọn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ tháírọ́ìdì lára wọn ní 2011 di ìlọ́po 15 ti 1993, síbẹ̀ iye àwọn tó ń tipa rẹ̀ kú kò yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ tí Michael Marmot darí ní 2012 ṣírò fífi ẹ̀rọ ya àwòrán ọmú: bí a bá pe 10,000 obìnrin láti ẹni 50 ọdún fún 20 ọdún, ikú 43 la máa dènà, àwọn 129 á sì gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí kì bá tí dà wọ́n láàmú.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ próstéètì lára àwọn bàbá, bá èyí mu. Próstéètì tó kàn wú lásán tàbí tó ní kòkòrò lè mú kí PSA ga. Bí jẹjẹrẹ bá sì wà níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ lè sọ bàbá di ẹni tí kò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, ó sì lè gba okun ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ amọ̀ràn ìlera ní Amẹ́ríkà sọ ní 2012 pé kí a má ṣe é. Ní 2018, wọ́n ní kí ọkùnrin ẹni 55 sí 69 ọdún jókòó pẹ̀lú dókítà rẹ̀, kó sì pinnu fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ yìí ń pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ, ìdí sì nìyẹn tí ìjókòó yẹn fi ṣe pàtàkì. A kò lè rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìgbẹ̀jẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà.

Ọ̀nà Yewa

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá ẹni 38 ọdún kan tó ń ta gàrí ní Ọjà-Ọ̀dàn. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún un lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ibì kan sì funfun. Nọ́ọ̀sì kọ ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́: "Màmá, ẹ mú un lọ sí Abẹ́òkúta." Ó bèèrè pé, "Ṣé ó ti pa mí nìyẹn?" Kò sí ẹni tó ráyè dá a lóhùn, èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ títí dé Abẹ́òkúta, owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, ọjà ọjọ́ kan á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bá fi máa pé, ó lè ti kọjá sí Pọ́bẹ̀ tàbí Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀, nítorí ẹnubodè kò pín ẹbí níyà, ṣùgbọ́n ó lè pa fóònù mọ́ni lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé àrùn náà ti di jẹjẹrẹ tó nílò ìtànṣán, ó di ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà l'Ékòó tàbí ti UCH ní Ìbàdàn.

Nítorí èyí, àyẹ̀wò tó bá ilẹ̀ Yewa mu ni èyí tí ìtọ́jú ń tẹ̀ lé lójú ẹsẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí ń fi ooru jó ibi tó ń yí padà, bátìrì lè gbé e, nọ́ọ̀sì tí a kọ́ sì lè lò ó. Yàtọ̀ sí fínígà, àyẹ̀wò HPV tún wà, tí obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba omi ara sórí òwú. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ràn rẹ̀ jù, láti ẹni 30 ọdún, tàbí 25 fún ẹni tó ní HIV. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ní oṣù kẹwàá 2023 fún àwọn ẹni 9 sí 14 ọdún, ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wọn ni abẹ́rẹ́ náà ti pẹ́ jù fún.

Èsì sí àtakò

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ń retí kí ìtọ́jú pé kí a tó pe ènìyàn, ikú kò ní dúró dè wá. Mo gbà pé ikú kò ní dúró. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní ká dúró: mo ní kí a gbé ìtọ́jú dání. Ẹni tó rí owó yá àtíbàbà, tó sì rí owó tẹ ankara ìpolongo, lè rí owó irinṣẹ́ náà àti owó ọkọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ju irinṣẹ́ lọ. Ní ti ọmú, dípò pípe gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó bá ti rí kókó lọ́mú tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kó má sì ju 60 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tó débẹ̀ kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé nìyẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Àgbálọgbábọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ìdá 70 nínú 100 obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kí 2030 tó parí, kí ìdá 90 nínú àwọn tí a bá rí nǹkan lára wọn sì gba ìtọ́jú. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì ṣe kókó: ìtọ́jú ni wọ́n fi nọ́ńbà tó ga sí. Nítorí náà, kí ìwé pélébé tí a máa fún ìyá Ọjà-Ọ̀dàn yẹn ti wà ní kíkọ kí a tó jáde: ilé ìwòsàn tó ń retí rẹ̀, ọjọ́ tó máa lọ, fóònù ẹni tó máa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Bí a kò bá tíì lè kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí akéde má tíì lu agogo.