Ta Ló Ni Àga Àlejò Nínú Pápá Bọ́ọ̀lù?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá gba àṣẹ kan tí kò wọ́pọ̀: kí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́ ní agogo kan ọ̀sán, kí wọ́n lè lọ wo bọ́ọ̀lù. Nàìjíríà àti Gánà ni yóò pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó bá sì mókè ni yóò lọ sí Ife Àgbáyé ní Qatar. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, wọ́n ti gbá ọ̀mì ní Kumasi, 0-0. Pápá ìṣeré Moshood Abiola ń gba nǹkan bí 60,000 ènìyàn, ìjọba sì fẹ́ kí ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ní alẹ́ tó ṣáájú, àwọn agbébọn ti kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Àbújá sí Kàdúná, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọ inú igbó. Omijé kò tíì gbẹ lójú àwọn ẹbí tí a ti ń sọ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa bọ̀ ní pápá. Pápá náà kún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Thomas Partey gbá a sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 10, William Troost-Ekong fi pẹnáritì dá a padà ní ìṣẹ́jú 22, ó sì parí sí 1-1. Òfin pé àmì ayò tí a gbá nílé onílé níye lórí ju ti ilé ẹni lọ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ìdíje yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé UEFA ti fagi lé e nínú tiwọn ní ọdún 2021. Gánà ló lọ. Àwọn òǹwòran ya wọ orí pápá, wọ́n ń sọ ike omi, wọ́n fọ́ ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ìpààrọ̀ ń jókòó sí, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Dókítà Joseph Kabungo, ọmọ orílẹ̀-èdè Zambia tó wá ṣe àyẹ̀wò oògùn fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, kú lẹ́nu iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. FIFA bu ìtanràn 150,000 owó Switzerland lé àjọ NFF, wọ́n sì ní kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan wáyé láìsí òǹwòran.

Ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ lẹ́yìn ìgbà náà dá lórí ìwà jàǹdùkú. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kù nílẹ̀ fún mi ni pé: ta ló wà lórí àga wọ̀nyẹn? Àwọn onílé ni, àfi ìwọ̀nba kéréje. Bẹ́ẹ̀, Gánà kì í ṣe ìlú òkèèrè. Láti Èkó sí Accra kò tó Èkó sí Maiduguri rárá. Àwọn ọmọ Gánà wà káàkiri Nàìjíríà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì kún Accra àti Kumasi. Tí a bá ní ká wá orílẹ̀-èdè méjì ní Áfíríkà tí àwọn alátìlẹ́yìn wọn lè fi mọ́tò lọ wo ara wọn, àwọn méjì yìí gan-an ni.

Ní Yúróòpù, UEFA kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé ẹgbẹ́ tó bá gbàlejò gbọ́dọ̀ ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àga pápá sọ́tọ̀ fún àwọn alátìlẹ́yìn àlejò. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yẹn wọn tiwa. Pápá Baba Yara ní Kumasi ń gba 40,000: àga 2,000 nìyẹn. Ti Àbújá yóò jẹ́ 3,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn kò lè bo ariwo 57,000 mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, a ó yan ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé, a ó yan èyí tí wọ́n máa gbà jáde, a ó mọ iye ọlọ́pàá tó yẹ kó dúró láàárín wọn àti onílé, a ó sì mọ iye ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dúró sínú pápá lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn kí òpópónà tó tú. Iṣẹ́ ìwé ni tíkẹ́ẹ̀tì àlejò, kò jọ ojú àánú rárá. Ẹni tó bá ka àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo èrò.

Ṣùgbọ́n kí àlejò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń lọ. Cape Coast ni Gánà kọ́kọ́ fẹ́ lò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, wọ́n ṣe ayẹyẹ òmìnira lórí pápá kan náà, àwọn ológun àti ọmọ ilé-ìwé yan lórí koríko rẹ̀, CAF sì sọ pé ilẹ̀ náà kò dára mọ́ fún bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí Kumasi nìyẹn, tí ọjọ́ ti ń lọ. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ẹnubodè orí ilẹ̀ Gánà wà ní títì láti oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2022 ni Ààrẹ Akufo-Addo kéde pé wọ́n máa ṣí i ní ọjọ́ kejì. Ẹ kà á dáadáa: ọjọ́ 25 ni wọ́n gbá ti Kumasi, ọjọ́ 28 ni ẹnubodè ṣí, ọjọ́ 29 ni wọ́n gbá ti Àbújá. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ fi ọkọ̀ gba Sẹ̀mẹ̀, Cotonou, Lomé àti Aflao lọ sí Kumasi kò ní ọ̀nà tó bá òfin mu. (Ọ̀nà ẹ̀bùrú kì í tán, gbogbo wa la mọ̀, owó rẹ̀ sì ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ.) Ọmọ Gánà ní tirẹ̀ ní ọjọ́ kan péré láti la Tógò àti Benin kọjá dé Àbújá. Ìwé àdéhùn ECOWAS lórí ìrìn-àjò ọ̀fẹ́ ti wà láti ọdún 1979. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kó wúlò fún àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹni tó lówó bàálù nìkan ló rí i lò.

Ìgbà kan wà tí ìjọba fúnra wọn gbé àlejò lọ. Ní ọdún 2009, Íjíbítì àti Algeria parí ìdíje wọn pẹ̀lú àmì kan náà, iye ayò kan náà, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ti sọ òkò lu bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù Algeria ní Cairo kí wọ́n tó gbá èyí tó mú kí wọ́n dọ́gba. FIFA ní kí wọ́n gbá ọ̀kan sí i nílẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Algeria yan Tùnísíà, Íjíbítì yan Sudan, wọ́n sì ṣẹ́ kèké; ó bọ́ sí Sudan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ní Omdurman, gbogbo òǹwòran di àlejò. Ìjọba Algeria fi bàálù kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ lọ. Láti Íjíbítì, àwọn èèyàn ńlá àti òṣèré wà lára àwọn tó lọ, títí kan Alaa Mubarak, ọmọ ààrẹ. Algeria borí pẹ̀lú ayò kan ṣoṣo tí Anthar Yahia gbá. Ní ọjọ́ kejì, Íjíbítì pe aṣojú rẹ̀ ní Algiers padà sílé. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé nígbà tí ìjọba bá ń pín tíkẹ́ẹ̀tì àlejò, ẹni tó gbà á kì í ṣe òǹwòran mọ́. Ó ti di ọmọ ogun tí kò ní ìbọn, ìfìdírẹmi rẹ̀ sì ti di ti ìjọba.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kì í ṣe pé kí a kàn ya apá kan sọ́tọ̀ fún àlejò, kí a tì í mọ́bẹ̀. Accra ti kọ́ wa ní ìyẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, Hearts of Oak na Asante Kotoko 2-1. Àwọn ọmọlẹ́yìn Kotoko, tí wọ́n wá láti Kumasi, wà ní apá tiwọn. Inú bí wọn, wọ́n fa àga ya, wọ́n ń jù ú sórí pápá. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí àárín wọn. Àwọn ènìyàn sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá àwọn géètì ní títì. Àwọn tó kú lé ní 120, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé èémí ni kò rí ọ̀nà jáde lábẹ́ èrò. Ìgbìmọ̀ tí Sam Okudzeto darí dá àwọn ọlọ́pàá lẹ́bi. Wọ́n gbé àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá mẹ́fà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Ère kan wà níwájú pápá náà báyìí, òǹwòran kan gbé òǹwòran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dání.

Ogún ọdún lé díẹ̀ lẹ́yìn Accra, ní Olembe ní Yaoundé, oṣù méjì péré ṣáájú ti Àbújá, géètì tí wọ́n tì tún pa ènìyàn mẹ́jọ nígbà tí Kamẹrúùnù ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Comoros. Onílé ni àwọn yẹn pẹ̀lú. Géètì kò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, CAF wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kó ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń du àyè tó kù lọ sí Morocco. Nàìjíríà na Gabon 4-1 ní Rabat ní ọjọ́ 13. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kóńgò Kinshasa fi pẹnáritì lé wọn padà sílé. Kò sí ẹni tó ya wọ orí pápá. Kò sí ìdí fún àríyànjiyàn lórí ìdá mélòó ni ti àlejò, nítorí gbogbo wọn ni àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ wà níbẹ̀ láti ìlú wa nílò físà àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kí ó tó kan ti pápá. Àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sí Aflao kò rí ẹnikẹ́ni gbé lọ́jọ́ yẹn.