Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Pápá: Eré Ìdárayá Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Èkó Lẹ́yìn Ogun Hitler

Nígbà tí Ogun Hitler parí lọ́dún 1945, kò tíì sí ohun tí ń jẹ́ Festac Town. Àjọ̀dún àṣà ọdún 1977 ni ó bí àwọn ilé tí a ń gbé lónìí. Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, abúlé àwọn Àwórì, apẹja àti àgbẹ̀, ni àyíká Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Erékùṣù Èkó, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta àti Yábàá ni ìgboro wà, ibẹ̀ náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lórúkọ wà. Bí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ń ṣeré ìdárayá nígbà náà kò ṣeé yà kúrò lára bí ìlú ṣe ń jẹun.

Oúnjẹ ti di ìṣòro. Ìjọba amúnisìn dá iye lé oúnjẹ nígbà ogun, Captain Pullen ni wọ́n sì fi ṣe alábòójútó ètò náà. Gààrí tí wọ́n dá iye lé kúrò lórí àtẹ, ó di ohun tí a ń rà ní kọ̀rọ̀ lówó gọbọi. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kọ̀ jálẹ̀ títí ìjọba fi gbé ètò náà kúrò lọ́dún 1945. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju oṣù kan lọ, nítorí owó iṣẹ́ kò ká ọjà mọ́. Ọmọ wo ni yóò béèrè bàtà bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ bàbá tó ń wá owó gààrí?

Ogun náà kò sì yọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Wọ́n sọ ọgbà Igbobi College di ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì kó lọ sí Ìbàdàn. Ti King's College burú jù bẹ́ẹ̀. Àwọn sójà gba ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fẹ̀hónú hàn lọ́dún 1944, ìjọba mú mẹ́jọ nínú wọn wọṣẹ́ ológun ní túláàsì, ọ̀kan kò sì padà wá láàyè. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni o! Lójú tèmi, ẹni tí kò bá rántí èyí kò lè mọ iyì tí pápá ní nígbà tí àlàáfíà dé.

Ife Grier ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama fi ń díje nínú eré sísá àti fífò. Ní ti bọ́ọ̀lù, ọmọ tó bá parí ìwé lè rí iṣẹ́ akọ̀wé ní Rélùwéè, Marine tàbí PWD, àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí sì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣa púpọ̀ nínú àwọn 18 tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1949. Etim Henshaw ni balógun wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Balogun gan-an, Tesilimi tí wọ́n ń pè ní Thunder, wà láàrin wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú báńdéèjì lọ́rùn ẹsẹ̀. Wọ́n na Marine Crosby 5–2. Òótọ́ ni pé méjì péré ni wọ́n borí nínú ìdíje mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone 2–0. Ìyanu ni ẹsẹ̀ lásán jẹ́ fún àwọn Òyìnbó. Ní Èkó, ta ló ń wò ó?

Lọ́dún 1950, Josiah Majekodunmi gba fàdákà nínú fífò sókè ní Auckland. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Vancouver, Emmanuel Ifeajuna fo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́jọ, ó gba wúrà. Patrick Etolu ará Uganda ṣe ipò kejì, Nafiu Osagie ọmọ Nàìjíríà ṣe ipò kẹta. Bàtà kan ṣoṣo ni Ifeajuna wọ̀, ní ẹsẹ̀ òsì. Lọ́dún yẹn kan náà ni ó wọ University College Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948, kò sì díje mọ́. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí èèpo ìwé àjákọ, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń gbé e lọ sí kíláàsì.