Orírun “OK”: Ìtàn àti Ẹ̀rí

Bí ọ̀rọ̀ “OK” ti gbilẹ̀ tó lẹ́nu tolórí-tẹlẹ́mù, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa orírun rẹ̀ pọ̀ tó. Èyí tó gbajúmọ̀ nínú wọn sọ pé Andrew Jackson, ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1829 sí 1837, kò mọ̀wé dáadáa, àti pé bó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, “oll korrect” ló máa ń kọ dípò “all correct”, ìyẹn “gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà”. Ìtàn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ òṣèlú ni: àwọn alátakò ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e kiri ní 1840, nígbà tí Martin Van Buren, ẹni tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, tún ń díje, kí aráàlú lè máa wo ẹgbẹ́ náà bí ẹgbẹ́ àwọn púrúǹtù.

Allen Walker Read, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, ló tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí désàlẹ̀ ìkòkò nínú àwọn àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní 1963 àti 1964. Ó fi hàn pé ìwé ìròyìn Boston Morning Post ti ọjọ́ 23 oṣù kẹta 1839 ti lo “o.k.”, ó sì túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sí “all correct”. Lásìkò náà, àwàdà àwọn oníwèé ìròyìn ni pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kí wọ́n sì fi lẹ́tà tó ṣíwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún odindi. Bí “all right” ṣe di “oll wright” nìyẹn, tí wọ́n gé kúrú sí O.W. Wọ́n ti gbàgbé O.W. Ohun tó gbé OK ró ni ìdìbò 1840 yẹn, nítorí Kinderhook ni wọ́n bí Van Buren sí ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì ń pè é ní Old Kinderhook, tí lẹ́tà rẹ̀ bá OK mu wẹ́kú, débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ O.K. Club sílẹ̀. Van Buren fìdí rẹmi. OK kò bá a lọ.

Ti David Dalby, onímọ̀ èdè, ló kan ilẹ̀ Adúláwọ̀: ó ní àwọn ẹrú tó ń sọ èdè Wolof ló gbé “waw kay”, ọ̀rọ̀ ìfaramọ́, dé Amẹ́ríkà. Ó wu ni kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹrú fi kún èdè ibẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ìjọra ìró kì í ṣe ẹ̀rí, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tó so ọ̀rọ̀ Wolof yìí pọ̀ mọ́ OK inú ìwé ìròyìn Boston, tí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ti túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Títí ẹnikẹ́ni yóò fi mú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ti Read ló dúró.