Ojúlówó Ni Ìlú Àtijọ́ Warsaw

Ẹni tó bá dé gbàgede ààfin ní Warsaw, olú ìlú Pólándì, òpó Ọba Zygmunt Kẹta ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá. Ọdún 1644 ni ọmọ ọba náà gbé e nàró fún ìrántí bàbá rẹ̀, ẹni tó gbé ìjókòó ọba kúrò ní Kraków wá síbẹ̀. Ère ọba tó wà lórí òpó náà ti láéláé ni, ṣùgbọ́n ọ̀pá òkúta tó gbé e dúró kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí Jámánì wó ní 1944 ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ààfin fúnra rẹ̀, Kàtídírà Jòhánù Mímọ́ àti àwọn ilé tó yí Gbàgede Ọjà ká, àtúnkọ́ ni gbogbo wọn, nítorí pé nígbà tí ará ìlú dìde ogun sí Jámánì fún oṣù méjì tí apá wọn kò sì ká a, ńṣe ni Jámánì lé wọn jáde, tó ń fi iná àti àdó olóró wó ilé ní òpópónà dé òpópónà.

Àwọn kan torí èyí sọ pé ayédèrú ni Ìlú Àtijọ́ yìí, pé Kraków tí ogun kò wó ló yẹ kí àlejò lọ. Mi ò gbà. Kí ogun tó dé ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilé yíyà ti ń wọn àwọn ilé yìí tí wọ́n ń yà wọ́n sórí ìwé. Wọ́n fi àwòrán náà pamọ́ fún Jámánì, òun náà ni wọ́n sì gbé kalẹ̀ nígbà tó di àtúnkọ́. Wọ́n ṣa bíríkì tó ṣeé lò láti inú àwókù. Ti ààfin tún lágbára jù: Stanisław Lorentz, olórí Musíọ̀mù Orílẹ̀-èdè ní Warsaw, àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀mí wewu láti yọ àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ara ilé náà pamọ́, wọ́n sì ti padà sáyè wọn. Ní 1971 ni ará ìlú àti àwọn ọmọ Pólándì tó wà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó kí àtúnkọ́ ààfin náà lè ṣeé ṣe. Ta ló ń dáwó bẹ́ẹ̀ fún ayédèrú? Iṣẹ́ àtúnkọ́ Ìlú Àtijọ́ yìí gan-an ni UNESCO torí rẹ̀ fi í sára ogún àgbáyé ní 1980.

Òótọ́ ni pé Bellotto, oníṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́ tí wọ́n tún wo àwòrán rẹ̀ nígbà àtúnkọ́, máa ń bu ẹwà kún ohun tó bá rí. Èyí tó dùn mí jù ni pé àdúgbò àwọn Júù kò rí irú àtúnkọ́ bẹ́ẹ̀: orí àwókù rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìgbàlódé Muranów sí. Kí àlejò má ṣe parí ìrìn rẹ̀ sí Gbàgede Ọjà. Kó rìn dé Muranów, níbi tí musíọ̀mù POLIN ti ń sọ ìtàn àwọn Júù Pólándì láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.